Orí Kẹta: Bàtà Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn

Òórùn ike tó ń jó ni Ìbídùnní kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí èéfín. Ó tẹ̀ síwájú lórí alùpùpù yìnyín rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, ó rí i pé èéfín funfun ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Yéè! Ó tún ti dé o." Kì í ṣe pé kò retí rẹ̀. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti kúrò ní Òkè-Ìtura ni ara ti ń fu ú, nítorí ọ̀nà tó yẹ kí yìnyín bò dé orúnkún lásìkò yìí nínú ọdún ń dán bí abọ́ tánganran. Omi dídì lásán ni wọ́n ń gùn.

"Ìyá Ìṣọ̀lá," Akínrìnádé ọkọ rẹ̀ pè é láti inú ọmọlanke tí alùpùpù náà ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, "ta ló ń yan nǹkan níbẹ̀ yẹn? Àbí ẹsẹ̀ mi lẹ ti ń yan kí ẹ tó gbé e dé ilé ìwòsàn?"

"Ẹ dákẹ́ jàre, Bàbá Ìṣọ̀lá."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Lánàá ni òkìtì omi dídì ya lu ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin náà níbi tí wọ́n ti ń gé e fún omi mímu ìlú. Nọ́ọ̀sì dì í, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí, ó mi orí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò lọ sísàlẹ̀ mọ́, pé bí oòrùn bá fi wọ̀ lónìí kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ńlá ní Etí-Adágún, gígé ni wọ́n máa gé e. Bó bá sì tún pẹ́ ju ìyẹn lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n máa pàdánù. Oòrùn ilẹ̀ yẹn kì í sì pẹ́ wọ̀ rárá. Ó ti ń rọ̀ sísàlẹ̀ báyìí.

Àpótí kékeré tó wà lórí ọwọ́ alùpùpù tanná. "Ìbídùnní ọmọ mi," ó wí, "àgbà tó wà níwájú rẹ ò tíì dúró. Kí ló dé tí o ń dẹwọ́?"

Ohùn bàbá rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n Aṣọ́nà, ẹ̀rọ tí ìjọba ìlú ń dè mọ́ alùpùpù ilé kọ̀ọ̀kan, ohùn òkú ilé yẹn ni wọ́n máa ń fi sí i. Àwọn tó ṣe é gbọ́n, ká má parọ́. Ọmọ Yorùbá lè bá ọlọ́pàá fà á, ó lè bá adájọ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ta ló máa la ojú wo bàbá rẹ̀ tó ti lọ sọ́run, kó ní irọ́ ló ń pa?

"Ẹ má bínú, Bàbá," lẹnu rẹ̀ wí kó tó rò ó. Ó gbé rédíò. "Bàbá Kékeré, ẹ kú ìrìn o."

"Kú ìrìn, ọmọ mi."

Odùṣọlá, àbúrò bàbá rẹ̀, ló wà níwájú. Òun ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ alùpùpù láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì ká sípánà dáadáa.

"Bàbá, bàtà mi ń yọ́ o."

"Bàtà wo ló ń yọ́? Tèmi tutù rìnrìn."

Bàtà ni wọ́n ń pe ike gbọọrọ méjì tí bẹ́líìtì ń yọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá lábẹ́ alùpùpù. Bí yìnyín bá wà, bẹ́líìtì á máa fọ́n ọn sókè, yìnyín yẹn ló ń tu ike náà lára, òun ló sì ń jẹ́ kó yọ̀. Bí kò bá sí, ike á máa ha mọ́ irin bẹ́líìtì, á gbóná, á yọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìrì dídì wà lójú ọ̀nà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun, ì bá sì tó bàtà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú ló ń gbá a lọ tán, ojú omi dídì tó ti dán ni ẹni ẹ̀yìn ń bá. Àgbà ló sì gbọ́dọ̀ wà níwájú, òfin ni. Fún ìdí èyí, àwọn ọmọdé ni bàtà wọn ń jó ní gbogbo ìrìn-àjò. Wọ́n á sọ fún àgbà, àgbà á ní tòun tutù. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn láti ìgbà tí yìnyín ti ń dín kù.

"Máa bọ̀ níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀," Odùṣọlá wí. "A ó wò ó níbẹ̀."

Ìbídùnní ò tẹ bíréèkì. Ó rọra ń dín eré kù ni, nítorí ẹni tó bá dúró lójijì nígbà tí ike ti yọ́, ṣe ni ike á dì mọ́ irin bẹ́líìtì gbagidi, alùpùpù ò sì ní kúrò lójú kan mọ́. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Etí-Adágún, kò tún síbi tí alùpùpù méjì ti lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀nà náà tín-ín-rín, àsíá pupa kéékèèké tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, yìnyín tó ṣẹ́kù sí gbogbo ilẹ̀ náà sì wà lẹ́yìn àsíá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kàn án, nítorí òun ló ń bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí omi dídì, ó ti orí bọ abẹ́ alùpùpù. Bàtà ti jẹ kọjá ojú ìlà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti gbó. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ṣe àfikún wíìlì kéékèèké sí abẹ́ ibẹ̀ kí bẹ́líìtì má baà fi gbogbo ara lé ike. Ó ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bẹ́árìn rẹ̀ ti gbẹ. Ó fún gírísì sí i, ó tún un yí, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tó. Wíìlì á gba díẹ̀ lára ìnira bàtà, kò lè tu ú lára.

Èékánná wà lẹ́yìn alùpùpù náà, irin tínrín méjì tí wọ́n fi ń ha ojú omi dídì kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè fò bá bàtà. Ìlú ti fi èdìdì dè é. Bí èdìdì yẹn bá já pẹ́nrẹ́n, Aṣọ́nà á pa ẹ́ńjìnì, ó parí. Kì í sì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe òfin náà. Nígbà kan, àwọn ará Àdúgbò Ìsàlẹ̀ ń ha ilẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, oòrùn rí ọ̀nà wọlé, ilẹ̀ tó ti dì láti ayébáyé wá rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó gbé ilé mì pẹ̀lú àwọn tó wà nínú wọn. Odùṣọlá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nílé. Òun ló wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ha ilẹ̀ mọ́, pé àgbà ni kó máa ṣíwájú lọ́nà kí ó máa fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ wò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, bó bá ń sọ̀rọ̀ òfin, kò sẹ́ni tó ń ta kò ó.

Bàbá náà dúró tì í báyìí, ó ga fíofío, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan tèmi," Ìbídùnní wí.

Odùṣọlá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan bàtà náà, ó sáré fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó fi ìka náà sẹ́nu. "Eré àsápajúdé tí o ń sá ni," ó ní. "Bí mo ṣe kọ́ ọ kọ́ nìyẹn."

"Bàbá, ẹ̀yìn yín ni mo wà! Báwo ni mo ṣe lè sáré jù yín lọ?"

"Ìwọ náà gbọ́ bí o ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ta á lórí omi dídì yẹn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ tọrọ ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú. Láti ibí dé Etí-Adágún péré. Bí mo bá rí ìrì yẹn gùn, bàtà yìí á gbé mi débẹ̀."

"Kí o ṣe kí ni?"

"Kí n ṣíwájú, Bàbá."

"Ta ló máa gún ilẹ̀ wò?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí ilẹ̀ tó rọ̀ ṣe ń rí."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú ni. "O rántí Ṣówándé?"

Ta ni kò rántí rẹ̀? Ṣówándé kọjá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìlú sì dá a lẹ́jọ́ àìdáhùn fún ọdún kan gbáko. Ó ń kí ènìyàn ní "ẹ káàárọ̀", ènìyàn á kọjá. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní "ẹ kú ọjà", wọ́n á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé atẹ́gùn ló wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ kí i káàbọ̀. Kí ọdún náà tó pé, ó ti ń kí òpó iná. Ìdájọ́ náà parí, wọ́n ń kí i, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí mọ́.

"Mo rántí rẹ̀," Ìbídùnní ní.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó tutù. A ó lọ."

Ó lọ sídìí ọmọlanke. Ojú Akínrìnádé ti pọ́n, òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. "Ẹ má wulẹ̀ bá Bàbá jà nítorí tèmi," ó ní. "Ẹsẹ̀ kan tó mi í jó. Mi ò mọ̀ ọ́n jó tẹ́lẹ̀ náà."

Ìbídùnní ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi èékánná ọwọ́ já ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá, ó já a gan-an.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lára?"

"Kí ni kí n gbọ́?"

Ó bo ẹsẹ̀ náà, ó fi etí bùláńkẹ́ẹ̀tì há a nídìí jẹ́jẹ́, ó wo oòrùn. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó tanná sí i, ó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ alùpùpù àgbà kọjá, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà tín-ín-rín náà.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó kígbe. "Ẹ dúró síbí. Màá ní kí wọ́n wá gbé yín láti Etí-Adágún. Ẹ má tẹ̀lé mi, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ìbídùnní! Ìbídùnní!"

Ó lọ.

Kò rìn jìnnà kí Aṣọ́nà tó tanná. "Ìbídùnní, o ti kọjá àgbà." Bàbá tó bí i lọ́mọ ló ń sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń ké sí i wá jẹun. "Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ò ní dá ọ lóhùn. Èmi náà ò ní dá ọ lóhùn."

"Bàbá."

Àpótí náà kú. Ó tún pè é, kò fọhùn. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ ó sunkún bí ọjọ́ tí wọ́n sin ọkùnrin náà gan-an, omijé ń dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n òórùn ike ti lọ. Ìrì funfun tó wà lójú ọ̀nà ń fò sókè sábẹ́ alùpùpù, bẹ́líìtì ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò ha mọ́. Ìdùnnú mú un díẹ̀, ojú sì tì í pé inú òun dùn. Ó ń wo ilẹ̀ níwájú bí Bàbá Kékeré ṣe kọ́ ọ, ibi tó bá dúdú jù, á dín eré kù, á sọ̀ kalẹ̀, á fi gìgísẹ̀ jan án wò, á tún máa lọ.

Ibi tó ti gbójú wo dígí ni ó ti rí iná kan lẹ́yìn. Odùṣọlá ń tẹ̀lé e.

"Ọlọ́run mi! Bàbá yìí ò gbọ́ràn." Ó gbé rédíò. "Bàbá Kékeré, ẹ kú ìrìn o."

Kò sí èsì.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ojú ọ̀nà tí mo ti gbá lẹ wà yẹn. Kò sí ìrì níbẹ̀ mọ́. Alùpùpù yín ò ní wíìlì tó pọ̀ lábẹ́. Bó bá ń rùn, ẹ rọra dín eré kù, ẹ má dúró lójijì o."

Kò sí èsì. Òfin ti mú un, kò lè dá a lóhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe òfin náà. Ìbídùnní mọ ìdí tó fi ń bọ̀. Kò lè jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá rìn lórí ilẹ̀ tó gbé ìyàwó rẹ̀ mì. Bó ti ń bínú tó yẹn, ó ń bọ̀.

Wọ́n gun òkè kékeré kan, wọ́n yà. Ó wo dígí. Iná náà ò sí mọ́. Ó ka á sí pé kọ̀rọ̀ ọ̀nà ló bò ó, ó lọ síwájú díẹ̀, ó tún wò. Kò sí.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o."

Rédíò ń hó ṣáá.

"Bóyá ó ń bínú ni," Akínrìnádé wí lẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Bó bá ń bínú, mo yẹ kí n rí iná rẹ̀."

"Tàbí òfin ni kò jẹ́ kó fọhùn."

"Èmi náà ò mọ̀! Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ẹni tí kò gbọdọ̀ dáhùn, tó bá ń kú lọ, báwo ló ṣe máa sọ?" Ó rọra dúró. Ọ̀nà ò gbà á láti yí padà pẹ̀lú ọmọlanke. Bó bá tú ọmọlanke, ọkọ rẹ̀ á dá wà nínú òtútù. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó fi rédíò mọ́ ẹnu, ó ń kí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Bàbá Kékeré, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìyà. Ẹ kú ìfaradà mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú ìrìn."

Rédíò hó, ó dákẹ́, ó tún hó.

"Kú ìrìn, ọmọ mi."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó gbọ́ ohùn obìnrin arúgbó kan. Ohùn ìyá ìyá Odùṣọlá ni, èyí tó wà nínú Aṣọ́nà tirẹ̀: "Odùṣọlá, o ti dáhùn. O ti dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò ní dá ìwọ náà lóhùn mọ́." Odùṣọlá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀," ohùn arúgbó náà sì kú.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ń gbóná lóòótọ́," ó ní. Ó wúkọ́. "Ìbídùnní, ó ń gbóná. Nígbà tí èéfín yọ, ẹ̀rù bà mí, mo tẹ bíréèkì. Ó ti dì mọ́ bẹ́líìtì, kò mì. Èmi tí mo kọ́ gbogbo yín pé kí ẹ má tẹ bíréèkì!" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo ti wà níwájú, ẹ̀ ń sọ fún mi, mò ń pè yín ní ọ̀lẹ. Mi ò mọ̀."

"Màá tú ọmọlanke. Mò ń padà bọ̀."

"O ò gbọdọ̀ padà."

"Ẹ ò lè dá wà níbẹ̀ mọ́jú, Bàbá, òtútù á pa yín!"

"Mo ní aṣọ. Mo ní iná díẹ̀. Bí o bá débẹ̀, kí wọ́n wá. Bí o bá padà, alẹ́ á bá àwa mẹ́ta lójú ọ̀nà, ìyà tí mo ń jẹ níbí á sì já sásán."

"Ẹ lọ mú un wá," Akínrìnádé wí láti inú ọmọlanke. "Ẹsẹ̀ mi ni. Mo ti fi í sílẹ̀. Ẹ lọ mú Bàbá wá."

Ìbídùnní jókòó síbẹ̀, ọwọ́ kan lórí rédíò, èkejì lórí ọwọ́ alùpùpù. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí gbogbo wọn, sí ọkọ rẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ṣe ọrẹ, sí bàbá tí wọ́n ní kó dúró tí kò dúró, sí òkú tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí, sí yìnyín tí kò rọ̀.

Ó fún alùpùpù níná. Ó lọ síwájú.

"Bàbá, mo ti ń lọ o," ó wí. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ má ṣépè fún mi."

"Ṣépè? Ta ló fẹ́ ṣépè? Gbọ́ mi dáadáa, mo fẹ́ wúre fún ọ kí òkè tó gba rédíò yìí. O ò ní ṣìṣe."

"Àmín."

"Ilẹ̀ ò ní là mọ́ ọ lẹ́sẹ̀."

"Àmín, Bàbá."

"Ẹni tí o bá kí ní ìlú, á dá ọ lóhùn. Bí wọn ò bá dá ọ lóhùn, Ọlọ́run á dá ọ lóhùn."

"Àmín."

Ọ̀nà gba abẹ́ òkè ńlá wọlé. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"O ò ní fi ojú sunkún ọkọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, Ọlọ́run á..."

Híhó ló kù. Akínrìnádé ló kọ́kọ́ ṣe àmín, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ ṣe é. Ìbídùnní ṣe tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ó dákẹ́, ó fetí sílẹ̀, ó tún un ṣe, bóyá ọkùnrin náà ṣì ń wúre lọ níbi tí òun ò ti gbọ́ ọ mọ́.